Kí ló dé tí dáàmù fi máa ń tú omi sílẹ̀ nígbà tí odò ti kún? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa Odò Ọya

Tó bá ti di oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ọdọọdún, ìkéde kan wà tí àwọn tó ń gbé létí Odò Ọya kì í fẹ́ gbọ́: pé dáàmù Kainji tàbí ti Jẹ́bà fẹ́ tú omi sílẹ̀, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò tètè kó ẹrù wọn.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa ń béèrè ìbéèrè kan náà. Ṣebí torí kí omi má baà pa èèyàn lára ni wọ́n ṣe ń kọ́ dáàmù? Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìgbà tí òjò pọ̀, tí odò ti kún dẹ́nu, ni wọ́n tún ń ṣílẹ̀kùn fún omi? Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ìwà ìkà ni, pé ẹni tó wà nídìí ilẹ̀kùn dáàmù kò ro ti ará abúlé mọ́ tiẹ̀.

Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú nǹkan mẹ́ta: ibi tí omi odò náà ti ń wá, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé dáàmù lọ́wọ́, àti iyanrìn tí ojú kò rí ní ìsàlẹ̀ omi.

Odò kan, àkúnya méjì lọ́dún

Odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger, ni odò kẹta tó gùn jù ní Áfíríkà, lẹ́yìn Náílì àti Kóńgò. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Orí òkè ilẹ̀ Guinea ló ti ń sun, níbi tí kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí òkun Àtìláńtíìkì.

Ṣùgbọ́n odò náà kò kọrí sí òkun tó wà nítòsí yẹn. Ńṣe ló kẹ́yìn sí i, tó gba ìlà oòrùn àríwá lọ sí Mali, tó dé etí aṣálẹ̀ Sàhárà, kó tó ṣẹ́rí padà sí gúúsù. Ó gba orílẹ̀-èdè Niger kọjá, ó gba ẹnu ààlà Benin, kó tó wọ Nàìjíríà.

Ìrìn àrìnyíká yìí ló fà á tí Odò Ọya fi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Kainji.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní omi funfun. Òjò tó rọ̀ nítòsí, ní orílẹ̀-èdè Niger, ní àríwá Benin àti ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ló ń mú un wá láàrin oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Ó máa ń yára dé, ẹrẹ̀ tó gbé dání ló sì jẹ́ kó rí bí omi ẹfun.

Ìkejì ni omi dúdú. Òjò tó rọ̀ ní Guinea lọ́hùn-ún ni, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbà tó bá dé àárín Mali, ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀, omi náà á tàn ká bí ẹní, oòrùn á fa púpọ̀ nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì ló ń ṣòfò. Ẹrẹ̀ tó gbé dání náà á rọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí yóò fi dé Kainji, oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni, ọyẹ́ ti dé, òjò ti dáwọ́ dúró. Omi ọ̀hún á mọ́ débi pé ó máa ń dúdú lójú ẹni tó bá wò ó láti òkè.

Ẹ fi ọkàn sí omi méjèèjì yìí, torí òun ni àwọn ẹnjiníà tó ń darí dáàmù fi ń ṣètò iṣẹ́ wọn láti oṣù dé oṣù.

Iṣẹ́ méjì tí kò bára wọn mu

Ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí dáàmù Kainji. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1968, olórí orílẹ̀-èdè ìgbà náà, Yakubu Gowon, sì ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969. Nǹkan bí 44,000 èèyàn ló kó kúrò nílé nítorí rẹ̀. Ìlú Bussa àtijọ́ wà lábẹ́ omi títí dòní, òun ló fà á tí wọ́n fi ń pe ti ìsinsìnyí ní New Bussa.

Adágún tó wà lẹ́yìn dáàmù náà lè gba omi tó tó bílíọ̀nù 15 kúbíìkì mítà. Kúbíìkì mítà kan ṣoṣo jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà ogójì. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, agbára gbogbo wọn lápapọ̀ sì jẹ́ 760 mẹ́gáwáàtì.

Bí èèyàn bá tẹ̀ lé odò náà wá sí ìsàlẹ̀ fún nǹkan bí 100 kìlómítà, yóò kan dáàmù Jẹ́bà, tí wọ́n ṣí ní 1985. Agbára tiẹ̀ jẹ́ 578 mẹ́gáwáàtì. Omi tí Kainji bá lò tán ni Jẹ́bà tún ń lò. Dáàmù Shiroro náà wà lórí odò Kaduna, tó ń wọnú Odò Ọya ní agbègbè Pátígi.

Iná mànàmáná ni olórí ìdí tí wọ́n fi kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe omíyalé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ omi tí ẹ ó fi fọṣọ lọ́la, ẹ ó fẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù náà kún. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé kí omi má baà ya wọ yàrá ni ẹ ṣe gbé e síbẹ̀, òfìfo lẹ ó fẹ́ kó wà kí òjò tó dé. Dúrọ́ọ̀mù tó ti kún tẹ́lẹ̀ kò lè gba òjò tuntun dúró, ohun tó bá wọlé ní òkè á máa ṣàn jáde létí ni.

Bí dáàmù ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń wá iná fẹ́ kí adágún kún, torí bí omi bá ṣe ga tó ni agbára tó fi ń yí ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń sá fún omíyalé fẹ́ kí àyè wà nínú rẹ̀. Adágún kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá jà.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n máa ń fi omi Kainji ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò fi lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá nígbà tó bá di ìparí oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Omi funfun á wá bá àyè náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Omi dúdú ni yóò fi kún un dẹ́nu nígbà ọyẹ́, kí iná lè wà nígbà tí òjò bá ti lọ.

Ètò dáadáa ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ iye òjò tí yóò rọ̀ lọ́dún kan. Bí wọ́n bá fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ tí òjò wá já wọn kulẹ̀, òkùnkùn ni yóò kárí ní oṣù kẹrin. Bí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ bá sì kéré tí òjò wá pọ̀ jù, tipátipá ni wọ́n ó fi ṣílẹ̀kùn.

Ṣé wọn kò lè kúkú tì í pa ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní 3,000 kúbíìkì mítà omi ló ń wọ adágún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí 2,000 sì ń jáde. A jẹ́ pé 1,000 ló ń kù nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kan bá fi máa ṣú, èyí tó kù ti lé ní mílíọ̀nù 86 kúbíìkì mítà.

Adágún Kainji fẹ̀, ó lé ní 1,200 kìlómítà níbùú àti lóròó. Omi tó kù yẹn á mú kó ga sókè ní bíi sẹ̀ǹtímítà méje lójoojúmọ́. Ó lè jọ pé kò tó nǹkan, àmọ́ bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mítà kan ti lọ nínú àyè tó kù. Bó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án tí òjò ṣì wà lójú ọ̀run lọ́pọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ dáàmù kò ní lè sùn.

Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi gorí dáàmù kọjá. Kọnkéré ni àárín dáàmù Kainji lóòótọ́, àmọ́ yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú gígùn rẹ̀. Bí omi bá gorí ògiri yẹ̀pẹ̀ kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ lẹ́yìn, láìpẹ́ ògiri á já. Omi tí dáàmù tó já bá tú sílẹ̀ kì í ní ìkéde, kì í sì í ní ìwọ̀n.

Àwọn ará Maiduguri mọ ohun tí à ń wí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau já lẹ́yìn ìlú wọn, omi sì gba apá tó pọ̀ nínú ìlú náà. Bẹ́ẹ̀, Alau kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kainji.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, àdánù kékeré ni wọ́n yàn dípò ńlá. Síbẹ̀, kékeré yẹn kì í ṣe kékeré lójú ẹni tó bá wọ ilé rẹ̀. Lọ́dún 1999, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Kainji, Jẹ́bà àti Shiroro lásìkò kan náà gba ọ̀pọ̀ abúlé ní ìpínlẹ̀ Niger, Kwara àti Kogi. Oko ìrẹsì lọ, ilé lọ, ẹran ọ̀sìn lọ.

Jẹ́bà ló nira jù láti darí, torí adágún tiẹ̀ kéré gan-an sí ti Kainji. Bí Kainji bá tú omi púpọ̀ sílẹ̀, Jẹ́bà kò ní ibi tí yóò gbé e pamọ́ sí. Àfi kó jẹ́ kó kọjá.

Lókójà: ibi tí odò méjì ti pàdé

Ká tiẹ̀ ní Kainji di gbogbo omi tiẹ̀ mú, Lókójà ṣì lè rì. Ìdí ni pé ibẹ̀ ni odò Benue ti ń pàdé Odò Ọya, tó sì jẹ́ pé lórí Benue fúnra rẹ̀, láti ẹnu ààlà títí dé Lókójà, kò sí dáàmù ńlá kan tó ń dá omi rẹ̀ dúró.

Cameroon ni Benue ti ń wá. Níbẹ̀ ni dáàmù Lagdo wà, èyí tí wọ́n kọ́ láàrin 1977 sí 1982. Nàìjíríà ní èrò láti kọ́ dáàmù mìíràn sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa, kó lè máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, Dasin Hausa kò tíì ju orúkọ lórí ìwé lọ.

Lọ́dún 2012, omi odò méjèèjì kún pa pọ̀. Àjọ NEMA sọ pé èèyàn 363 ló kú káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, tí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì kúrò nílé. Lọ́dún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó fi ilé sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 1.4. Omi gba títì ní Lókójà, ọkọ̀ epo há sójú ọ̀nà, àwọn ará Àbújá tí omi kò dé ilé wọn sì ń tò fún epo bẹntiróòlù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló di gbogbo ẹ̀bi ọdún 2022 ru Lagdo. Àmọ́ mínísítà ọ̀rọ̀ omi nígbà náà, Suleiman Adamu, ṣàlàyé pé òjò tó rọ̀ nínú Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù. Òtítọ́ tó korò ni, torí ó túmọ̀ sí pé kódà bí Cameroon bá ti Lagdo pa, omi ṣì ń bọ̀.

Iyanrìn tó ń jẹ àyè omi

Omi tó ń sáré lè gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀. Omi tó bá dúró kò lè gbé e mọ́. Nígbà tí omi funfun bá wọ adágún Kainji, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, iyanrìn á rì sí ẹnu ibi tó ti wọlé, ẹrẹ̀ kíkúnná á rìn díẹ̀ sí i kó tó rì. Ọdọọdún nìyẹn. Bí ẹrẹ̀ bá ṣe ń ga sí i nísàlẹ̀ ni àyè tí omi lè gbà nínú adágún ń dín kù.

Àwọn tó wà lẹ́yìn dáàmù náà ń pàdánù tiwọn. Ẹrẹ̀ yẹn ni ajílẹ̀ tí odò máa ń gbé wá sí ilẹ̀ àkùrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí dáàmù bá dá a dúró, àgbẹ̀ á máa fowó ra ajílẹ̀. Omi tó jáde láìgbé ẹrẹ̀ tún máa ń ní agbára láti gbẹ́ ilẹ̀, á máa jẹ bèbè odò lọ díẹ̀díẹ̀.

Bó bá tún sún sísàlẹ̀ díẹ̀, ìṣòro náà yí padà. Àwọn odò tí kò ní dáàmù àti oko tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán ń da iyanrìn tuntun sínú Odò Ọya. Odò tí iyanrìn ti mú kó jinlẹ̀ mọ kò lè gba omi tó ń gbà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ òjò díẹ̀, ó ti kún bo bèbè.

Ọdún 2009 ni ìjọba Ààrẹ Umaru Yar'Adua bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti kó iyanrìn ìsàlẹ̀ odò náà, láti Baro ní ìpínlẹ̀ Niger títí dé Warri, ìrìn 572 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é jù. Àmọ́ kíkó iyanrìn odò dà bí gbígbá ilé lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó gbá a lónìí tí kò tún gbá a mọ́, kó má retí pé yóò mọ́ títí. Bí iyanrìn bá ṣì ń wá láti òkè, á tún dí ibi tí wọ́n gbẹ́.

Dáàmù Ọ̀yán náà ńkọ́?

Ohun tí à ń sọ yìí kan àwọn tó ń gbé létí odò Ògùn. Dáàmù Ọ̀yán, tó wà nítòsí Abẹ́òkúta lábẹ́ àjọ Ogun-Osun River Basin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983. Òun ló ń pèsè omi fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ omi mímu ní Abẹ́òkúta àti Èkó.

Mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà ni Ọ̀yán lè gbà. Kainji ju ú lọ ní ìlọ́po tó lé ní àádọ́ta. Ẹ padà sí ìṣirò wa: omi tó ń gbé Kainji ga ní bíi sẹ̀ǹtímítà méje lóòjọ́, bó bá wọ Ọ̀yán tó ṣófo, kò ní ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lọ tí yóò fi kún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú omi Ọ̀yán sílẹ̀ léraléra nígbà òjò, díẹ̀díẹ̀, tí ìkéde sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ìṣẹrì, Kárà àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú.

Kí ló lè dín ewu náà kù?

Kò sí ohun kan ṣoṣo tó lè tán an. Àwọn nǹkan tó ṣe pàtàkì jù rèé:

- Títú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí òjò tó le. Omi tí wọ́n bá tú ní oṣù kẹjọ kì í bani lẹ́rù bí èyí tí wọ́n kó jọ tí wọ́n tú lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹwàá.

- Kí àwọn tó ń darí Kainji, Jẹ́bà àti Shiroro máa sọ fún ara wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má baà pàdé lọ́nà.

- Kí ìkéde tètè jáde, ní èdè tí ará abúlé gbọ́. Àjọ NIHSA máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, NiMet ń ṣe ti òjò. Àsọtẹ́lẹ̀ tó bá parí sí gbọ̀ngàn ìpàdé ní Àbújá kò lè gba ẹnikẹ́ni là ní Pátígi.

- Kí wọ́n fi àyè odò sílẹ̀ fún odò. Ilẹ̀ tí omi máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́wàá, àyè odò ni, bó ti wù kó gbẹ tó lọ́dún tí wọ́n ń tà á. Oko lè wà níbẹ̀. Ilé tí àwọn ọmọdé ń sùn sí kò yẹ níbẹ̀.

- Kí wọ́n dá igi padà sí bèbè odò àti orí òkè, torí ilẹ̀ tí gbòǹgbò dì mú kì í yára di iyanrìn inú odò.

- Kí wọ́n ṣe tàwọn tí dáàmù ń pa lára. Lọ́dún 2010 ni òfin tó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ jáde, kí àwọn agbègbè tí dáàmù iná mànàmáná wà lè jẹ nínú owó tí iná ọ̀hún ń pa. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kì í ṣe àánú.

Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo omíyalé ló ń tinú dáàmù wá. Òjò ńlá ló kó omi bá Mokwa, tí kò jìnnà sí Jẹ́bà, ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, èèyàn tó lé ní 150 ló sì kú. Oṣù karùn-ún! Ìgbà tí adágún Kainji ṣì ń lọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń dúró de ìkéde dáàmù nìkan kò ní gbọ́ ìró irú omi bẹ́ẹ̀ kó tó dé.

Bí ẹ bá ń gbé létí odò

Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣí dáàmù, ẹ má dúró dìgbà tí omi bá kan àtẹ̀gùn ilé. Ó lè gba omi náà ní wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìyẹn wà lọ́wọ́ bí ẹ ṣe jìnnà tó. Ẹ fi àsìkò náà gbé ìwé ẹ̀rí, oúnjẹ àti oògùn sí ibi tó ga. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn arúgbó àti ọmọdé kúrò. Ẹ má fi ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà la omi tó ń ṣàn kọjá, bó ti wù kó rí bíi pé kò jìn. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112.

Ẹni tó sì ń wá ilẹ̀ rà, kó má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á nìkan. Kó bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi dé lọ́dún 2012 àti 2022. Bí wọ́n bá nawọ́ sí ibì kan, kó kọ́lé sí òkè ibẹ̀.